Olóyè Àwòkọ́ṣe àti Àwọn Obìnrin Ọjọ́bọ̀

Ẹni tó bá ní òun gbé Ẹdẹ nígbà náà tí òun kò mọ Olóyè Abdulmujeeb Afọlábí, irọ́ ló ń pa. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ síbi ìsìnkú, òun lẹ máa bá níwájú. Ẹ lọ síbi ìkómọ, òun ló di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, á sì máa sọ̀rọ̀ títí ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ á fi sùn, á jí, á mu ọmú, á tún sùn padà.

Ipò tó dì mú ni Alága Àjọ Ìwà Mímọ́. Ẹ má bi mí ohun tí Àjọ náà wà fún. Lẹ́yìn ìbò kan ni àwọn tó ń pín ipò dá a sílẹ̀ fún un, torí pé gbogbo ipò gidi ti tán, ọkùnrin náà kò sì gbà láti lọ sílé. Wọ́n fún un ní yàrá méjì lójú ọ̀nà Òkè Gada, wọ́n fún un ní ọkọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra, wọ́n sì fún un ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Samuel. Wọ́n rò pé ìyẹn á pa á lẹ́nu mọ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀bù ni wọ́n fi sí ilẹ̀ tó lọ́ràá.

Kò pẹ́ tí Olóyè fi sọ ara rẹ̀ ní Àwòkọ́ṣe. Ó ní kí gbogbo ọmọ Ẹdẹ máa wo òun kọ́ ìwà, bí ọmọ iléèwé ṣe ń wo ojú pátákó. Àlejò kò sì gbọdọ̀ wọlé bá a bẹ́ẹ̀. Samuel á kọ́kọ́ kọ́ onítọ̀hún ní kíkí ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìpele mẹ́ta ni kíkí náà. Ní ẹnu ọ̀nà, àlejò á ní, "Àwòkọ́ṣe!" Tó bá dé àárín yàrá, á ní, "Òpó tó gbé ìwà ró!" Tó bá wá dé iwájú tábìlì, kò ní sọ nǹkan kan mọ́, á kàn la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí ìyanu gba ohùn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ìpele kẹta yìí ni Olóyè fẹ́ràn jù. Samuel ní kí àlejò ka ení títí dé èje nínú ọkàn kó tó pa ẹnu dé.

Ẹni tó bá kí i délẹ̀délẹ̀ báyìí, ìwékíwèé tó bá gbé wá ni Olóyè á fọwọ́ sí. Ẹni tí kò bá sì kí i dáadáa, bó jẹ́ pé ó wá sọ fún un pé iná ń jó lórí òrùlé rẹ̀ ni, á ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Òfin àkọ́kọ́ tí Àjọ náà ṣe kò jọ òfin ibòmíràn. Olóyè ló ń wa ọkọ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, ó rí ọmọláńgidi tí àwọn aránṣọ fi ń pàtẹ ẹ̀wù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní ojú ń ti òun. Ó pàṣẹ pé gbogbo ọmọláńgidi obìnrin ní Ẹdẹ gbọ́dọ̀ wé gèlè tàbí kí wọ́n bo irun. Òfin dára. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọláńgidi Ẹdẹ ni kò lórí. Àjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àjọ ní kí wọ́n wé gèlè náà mọ́ ọrùn. Èkejì ní rárá, ọrùn kì í wé gèlè, kí wọ́n wé e mọ́ ikùn. Níkẹyìn Olóyè lu tábìlì, ó ní, "Ẹni tí kò bá lórí, kó lọ wá orí!" Samuel rẹ́rìn-ín. Ó mọ ìwọ̀n ẹ̀rín tó yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í bù ú dín, kì í bù ú kún.

Bí Ẹdẹ ṣe kún fún orí oríṣiríṣi nìyẹn. Àwọn aránṣọ kan gbé àgbọn lé ọmọláńgidi wọn lọ́rùn, àwọn kan gbé agbè, àwọn kan gbé bọ́ọ̀lù tó ti jò. Wọ́n wé gèlè lé gbogbo rẹ̀. Mo mọ àgbàlagbà obìnrin kan tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, tó dúró kí agbè kan kú ọjà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì bínú kúrò níbẹ̀ pé ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n jẹ́.

Òfin yìí náà ló gbé Olóyè dé àdúgbò Alajue ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, torí wọ́n sọ fún un pé aránṣọ kan wà níbẹ̀ tó kọ̀ láti wá orí.

Hasanat ni aránṣọ náà ń jẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò ga, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Nígbà tí ọkọ̀ Olóyè wúkọ́ dé ẹnu ọ̀nà, òun àti obìnrin mẹ́fà ló jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, àwọn kan ń gán bọ́tìnnì. Olóyè dúró níwájú ọmọláńgidi aláìlórí náà, ó nawọ́ sí i bí ẹni tó mú olè.

"Ta ló ni òkú yìí?"

"Èmi ni, sà," Hasanat ní. "Ẹ káàsán, sà."

Samuel yára sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí nípa ìpele mẹ́ta.

"Mo ti kí wọn," Hasanat dá a lóhùn.

"Orí ọmọláńgidi rẹ dà?" Olóyè bi í.

"Kò ní in látilẹ̀ wá, sà. Torí kí n lè fi pàtẹ ẹ̀wù ni mo ṣe rà á, n ò rà á kó máa gbà mí nímọ̀ràn."

Roqeebah, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó jókòó, bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú Olóyè le. Ó wo gbogbo wọn yíká.

"Irú ìpàdé wo tiẹ̀ lèyí? Ṣé ti òṣèlú ni?"

Hasanat gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Rárá, sà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń jókòó báyìí. Àwa tẹ́ ẹ rí yìí, a ti ṣiṣẹ́ aṣẹ́wó rí. Wọ́n fipá mú àwọn kan nínú wa, ebi ló lé àwọn kan débẹ̀. A máa ń sọ ohun tójú wa rí. Àwọn ìyá máa ń mú ọmọ wọn wá gbọ́ ọ, kí wọ́n má bàa bọ́ sínú kòtò tá a bọ́ sí. Àwọn aládùúgbò náà ti ń wá díẹ̀díẹ̀."

Olóyè fò sẹ́yìn bí ẹni tí simẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù náà ń jó lẹ́sẹ̀. Ó fi aṣọ bo imú. Kò sí òórùn kankan níbẹ̀ o, àfi ti ẹ̀gúsí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń padà sẹ́yìn, èrò kan wọ inú orí rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àyè pọ̀ níbẹ̀. Aṣojú ìjọba kan, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ìrètí, ń bọ̀ láti Òṣogbo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i láti wá wo iṣẹ́ tí Àjọ ti ṣe. Yàtọ̀ sí àgbọn àti agbè, Àjọ ò tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ dá irú Àjọ yìí sílẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa jẹ́ olórí rẹ̀. Olóyè yọ aṣọ kúrò nímú.

"Ẹ̀yin ẹni ègbé wọ̀nyí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ìgbàlà yín ti dé."

Mo ní láti sọ ohun kan níbí yìí. Hasanat mọ Olóyè. Ó mọ̀ ọ́n kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró tán. Olóyè ni kò mọ Hasanat. Ìdí tí ó fi mọ̀ ọ́n, ẹnu ara rẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìwẹ̀nùmọ́ ni Olóyè pe ètò náà. Àwọn obìnrin méje á wọ aṣọ funfun, wọ́n á kúnlẹ̀ yí abọ́ ìwẹ̀ ńlá kan ká, òun náà á gbé búútà tuntun, á da omi sí wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn oníròyìn á máa ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ka ìwé ìjẹ́wọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Samuel ló gbé ìwé náà lọ sí Alajue. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Èmi ẹni ẹ̀gbin yìí, tí mo fi ọwọ́ ara mi ba ayé mi jẹ́, mo wá wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Àwòkọ́ṣe..." Orúkọ Olóyè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún. Orúkọ Ọlọ́run wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ pé Ó dá Olóyè.

Roqeebah ka ìlà àkọ́kọ́, ó dá kíkà dúró. "Fi ọwọ́ ara mi? Ṣé ọwọ́ tèmi ló gba páàsípọ́ọ̀tù mi? Ṣé ọwọ́ tèmi ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi?" Ó fa ìwé náà lé Samuel lọ́wọ́. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí àwọn náà lọ wẹ̀."

Gbogbo wọn rò pé Hasanat á kọ ètò náà. Kò kọ̀ ọ́. Ó ní, "Ó ní gbọ̀ngàn, ó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì ti pe gbogbo ìlú. Àwa, ọ̀rọ̀ la ní. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, èmi àti ẹ̀yin là ń sọ ọ́ fún ara wa. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn gbọ́ ọ."

Ó lọ sọ́dọ̀ Olóyè ní Òkè Gada. Ó bá a níwájú dígí, fìlà mẹ́rin wà lórí tábìlì.

"Sà, a máa wá. Ṣùgbọ́n a ò ní wọ funfun, a ò ní kúnlẹ̀, ẹ ò sì ní da omi sí wa lórí. Ẹnu ara wa la máa fi sọ̀rọ̀."

"Samuel," Olóyè ní, "ṣé aláràán yìí ni, àbí pupa yẹn?"

"Aláràán, Àwòkọ́ṣe. Ó ń mú kí orí yín jọ ilé ìmọ̀."

"Sà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, mo gbọ́. Ẹ má pẹ́ dé." Kò gbọ́ ẹyọ kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti le fún Hasanat. Àwáwù, ìyá rẹ̀, jókòó sórí ẹní, kò jẹun láti òwúrọ̀. Fawziyah, àbúrò Hasanat, máa ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀.

"Hasanat, àwọn àna wa ńkọ́? Bí wọ́n bá gbọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbọ́, Màámi. Ta ni kò tíì gbọ́ ní Ẹdẹ yìí? Ẹ̀yìn wa ni wọ́n ti ń sọ ọ́."

"Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ọdún mẹ́jọ rèé tí wọ́n ti ń fi mí ṣe é, n kì í sí níbẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo máa wà níbẹ̀."

Ìyá náà ń fi ìka fa fọ́nrán ẹní. Hasanat rò pé ó ń sunkún. Nígbà tó pẹ́, ó gbójú sókè.

"Aṣọ wo lo máa wọ̀?"

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Àwọn aránṣọ wá, àwọn ọlọ́kadà wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì wá. Àwọn tó ní àwọn ò lè jókòó níbi tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wà, iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó sí. Dókítà Ìrètí jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Abọ́ ìwẹ̀ wà láàárín. Àwọn obìnrin méje wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù àdìrẹ tí Hasanat rán fún wọn, wọ́n wo abọ́ náà, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n jókòó sórí àga. Olóyè rò pé wọ́n ń sinmi kí wọ́n tó kúnlẹ̀ ni.

Samuel fi ogún ìṣẹ́jú ka oyè ọ̀gá rẹ̀. Olóyè wá dìde, búútà lọ́wọ́ òsì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ẹ̀yin ìràwọ̀ tó ń ràn lójú sánmà Ẹdẹ!" ó ké. "Ẹyẹ tí kò bá fò kò lè mọ ibi tí ayé pin sí! Ẹni tó bá di ọwọ́ mi mú kò ní ṣubú, nítorí pé ọwọ́ mi gùn ju ọ̀nà lọ! Ẹ máa fò! Ẹ máa ràn! Ibi tí ẹ bá dé, kí wọ́n máa bi yín pé, ta ló rán yín? Kí ẹ ní, Afọlábí ni!"

Kí ni ẹyẹ ń wá níbi tí wọ́n ti fẹ́ wẹ orí èèyàn? Ta sì ló ń fò lọ síbo? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Wákàtí kan ó lé ogún ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, ó na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Hasanat pẹ̀lú ìwé ìjẹ́wọ́. Hasanat gba ẹ̀rọ, ó fi ìwé sílẹ̀.

"Hasanat lorúkọ mi," ó ní. "Ọmọ Ẹdẹ ni mí. Aránṣọ ni mí. Mo ṣiṣẹ́ aṣẹ́wó fún ọdún márùn-ún àti oṣù méjì, ní Bàmákò lórílẹ̀-èdè Mali àti lábúlé kan tí wọ́n ti ń wa wúrà."

Gbọ̀ngàn hó.

"N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláyínká dé sílùú. Ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, kóun sì bá wọn wáṣẹ́ sí òkè òkun. Bàbá mi ò gbà. Ó ní, 'Ta ló mọ̀ ọ́n?' Ni wọ́n bá pe gbogbo òbí sí gbọ̀ngàn kan bí irú èyí. Ọkùnrin pàtàkì kan dìde, ó dúró fún obìnrin náà, ó fún àwa ọmọbìnrin mọ́kànlá níwèé ẹ̀rí, ó ṣàdúà fún ìrìn-àjò wa. Bàbá mi sọ fún mi pé, bí irú ọkùnrin yìí bá lè dúró fún un, ó ti parí. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ. Ó ní, 'Ẹ̀yin ìràwọ̀ tó ń tàn lójú sánmà Ẹdẹ...'"

"Tó ń ràn!" ohùn kan bú jáde láti orí pèpéle.

Olóyè ni. Ó ti na ìka sókè bí tíṣà. "Tó ń ràn ni mo sọ! 'Tó ń tàn' ò ní adùn kankan. Bí o bá máa sọ ọ̀rọ̀ mi, sọ ọ́ bó ṣe yẹ!"

Títí dòní, Hasanat ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ. Mo gbà á gbọ́, bí ẹ̀yin náà bá gbà á gbọ́.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Lẹ́yìn náà ló ní, 'Ẹyẹ tí kò bá fò kò lè mọ ibi tí ayé...'"

"Pin sí!" Olóyè bá a parí rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó kọjú sí Dókítà Ìrètí. "Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ títí mo fi jókòó."

Samuel fa agbádá rẹ̀ lẹ́yìn. Olóyè gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ọjọ́ wo lọjọ́ yẹn, sà?" Dókítà Ìrètí bi í jẹ́jẹ́.

"Ọdún mẹ́rìnlá rèé! Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Àlàárì ni mo wọ̀."

"Ṣé ẹ rántí obìnrin tó pè yín?"

"Ọláyínká kẹ̀? Ọmọlúàbí pátápátá! Ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi kí mi, ẹnìkan ò kọ́ ọ!"

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí àlejò tí kò mọ̀ pé àwọn onílé ti lọ. Ó wo iwájú. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóònù ló kọjú sí i.

Hasanat ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò gbé ohùn sókè. Ó sọ bí wọ́n ṣe gba ìwé ìrìnnà wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó sọ nípa yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí wọn lọ, àti bí wọ́n ṣe na Roqeebah nígbà tó kọ̀. "Àwa mọ́kànlá la lọ. Àwa mẹ́jọ la bọ̀. Kaosarah, ọmọ ìlú Ara, wà nínú àwọn tí kò bọ̀. Ibà ló ṣe é, wọn ò gbé e lọ sílé ìwòsàn, orí itan mi ló kú sí. Òun ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bí gbogbo wa bá ń sunkún, á dìde, á wú àyà, á fi ohùn Olóyè sọ pé, 'Ẹ̀yin ìràwọ̀ tó ń ràn.' A máa rẹ́rìn-ín títí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, sà."

Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lápá àwọn obìnrin.

"Nígbà tí mo délé, àwọn kan ò jẹ́ kí ọmọ wọn gba omi lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà wà níjòókòó yìí, n ò ní dárúkọ yín. Tí ẹ bá ní a ti ṣe aṣẹ́wó rí, ẹ ò purọ́. Ẹ kàn ò tíì sọ ọ́ tán ni." Ó wá yíjú sí pèpéle. "Sà, ṣé ẹ wo ìwé obìnrin náà kẹ́ ẹ tó dúró fún un? Ṣé ẹ béèrè ibi tó fẹ́ kó wa lọ?"

Olóyè wo Samuel. Samuel ń wo àjà. Búútà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ Olóyè, omi ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí bàtà rẹ̀.

"Ó..." Olóyè tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ó kí mi dáadáa."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ ní Ẹdẹ láti ogún ọdún, ìyẹn ló kúrú jù, òun nìkan sì ni àwọn èèyàn rántí.

Àwọn obìnrin yòókù náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Roqeebah sọ bó ṣe gba ojú ihò àjà ilé ìdáná sá lọ tòun ti ìkòkò lọ́wọ́, tí ìkòkò ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi rékọjá ààlà, gbogbo gbọ̀ngàn sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Dókítà Ìrètí kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá àwọn tó ń kó ọmọbìnrin ta. Wọ́n gbà. Wọn ò tíì rí Ọláyínká títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wá a. Olóyè náà, wọ́n ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó wá sọ ohun tó mọ̀. Wọ́n ní ó ṣòro fún wọn láti mú un dákẹ́ lórí oyè rẹ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, "ó kí mi dáadáa" ti gba Ẹdẹ kan. Bí ọlọ́kadà bá gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n bi í léèrè, á ní ọ̀nà náà kí òun dáadáa. Bí ọkọ bá ra ẹja tó ti bàjẹ́ wálé, ìyàwó á ní, "Ẹja yìí kí yín dáadáa, àbí?" Olóyè bínú. Ó lọ sórí rédíò láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó fi ìlàjì àkókò tí wọ́n fún un ka oyè. Nígbà tí ẹnìkan wá pè é lórí fóònù pé ṣé òótọ́ ni kì í ka ìwé kó tó fọwọ́ sí i, Olóyè ní, "Ẹni tí kò lórúkọ ló ń ka ìwé!" Ẹ wò ó, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi dè é láti ọjọ́ pípẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn lọ́ okùn.

Lẹ́tà dé láti Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìlà méjì ni. Wọ́n ti tú Àjọ ká, kí Abdulmujeeb Afọlábí kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó yí lẹ́tà náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kọ oyè sí.

"Samuel," ó ní, "ṣé ohun tí mo rí yìí nìwọ náà rí?"

Samuel fa àga kan, ó jókòó, ohun tí kò ṣe rí níwájú ọ̀gá rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn dun Olóyè ju lẹ́tà lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn aránṣọ Ẹdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orí lọ́rùn àwọn ọmọláńgidi wọn. Àwọn tó fi àgbọn ṣe é fọ́ ọ jẹ. Olóyè ṣì ń lọ síbi ìkómọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin fún àwọn obìnrin wa. Oníbàárà méjì wá gba aṣọ wọn lọ́wọ́ Hasanat láìrán. Àwọn àna Fawziyah dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Àwáwù ò lè sùn. Nígbà tó yá ni wọ́n ránṣẹ́ pé ọjọ́ ìgbéyàwó kò yí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ kejì, àga ò tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Lọ́jọ́bọ̀ kẹta, bàbá arúgbó kan gun ọ̀kadà wá láti Ara. Ó dúró sí ìta, ó ń fi ọwọ́ yí fìlà rẹ̀, títí Hasanat fi jáde lọ bá a.

"Ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀ nínú fóònù? Tó o dárúkọ Kaosarah?"

"Èmi ni, bàbá."

"Èmi ni mo bí i."

Hasanat kúnlẹ̀ níbẹ̀, nínú eruku. Bàbá náà ò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, ó fà á dìde. Wọ́n jókòó.

"Wọ́n sọ fún wa pé ó ń ṣe ìṣekúṣe kiri lọ́hùn-ún," bàbá ní. "Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nílé mi mọ́. Nígbà tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, a ò ṣe àdúà fún un. Ojú ń tì mí láti pe Àfáà." Ó wo ilẹ̀. "Ṣé ó dárúkọ mi?"

"Ó dárúkọ yín, bàbá. Ó ní bẹ́ ẹ bá ń ro oko, ẹ máa ń kọrin, ẹ ò sì mọ orin kankan parí."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, omijé sì dà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kó wá sí Ara ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn fẹ́ ṣe àdúà fún Kaosarah.

Hasanat lọ, Roqeebah sì bá a lọ. Ìdílé náà ti pé sábẹ́ igi máńgòrò, Àfáà ti dé, àwọn ọmọdé ń ṣeré lẹ́yìn ilé. Obìnrin kan ń pín ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí wọ́n rí àwọn méjèèjì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí, àwọn kan ń sún aṣọ wọn mọ́ra. Bàbá Kaosarah dìde láàárín wọn. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ láwùjọ.

"Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi nìyí," ó ní. "Ohun tí wọ́n fi ojú ọmọ mi rí náà ni wọ́n fi ojú àwọn náà rí. Orí itan èyí ni ọmọ mi kú sí. Ẹ fún wọn ní àga."

Ìyá Kaosarah ló gbé àga tirẹ̀ wá.